Ìdè Tí Ó Pa Ọwọ́

Bí ọmọdé bá jábọ́ láti orí igi, ọwọ́ ni í kọ́kọ́ nà sílẹ̀ láti fi gba ara rẹ̀, òkè ìgúnpá díẹ̀ ni eegun apá sì sábà máa ń dá sí. Dídá eegun gan-an kọ́ ni ẹ̀rù wà fún, nítorí kíákíá ni eegun ọmọdé í so pọ̀. Iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn ni. Iwájú ìgúnpá ni ó gbà kọjá kí ó tó pín sí méjì: ọ̀kan gba ìhà àtàǹpàkò, èkejì gba ìhà ọmọńdinrín, wọ́n sì tún pàdé ní àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹnu eegun tí ó dá bá gún un, tàbí tí ìdè bá fún un pa, ebi ń pa gbogbo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ nìyẹn.

William Harvey, ará Ìlú Ọba, ti fi okùn tí a so mọ́ apá ṣe àlàyé nínú ìwé rẹ̀ ní 1628. Bí okùn bá le gan-an, ọwọ́ a tutù. Bí a bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ọwọ́ a wú, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń rí ọ̀nà wọlé, kò rí ọ̀nà padà.

Síbẹ̀ ó di 1881 kí Richard von Volkmann, dókítà iṣẹ́-abẹ ní Halle ní Jámánì, tó sọ ohun tí ìdè ń ṣe fún ọwọ́ ní kedere. (Ọkùnrin yìí náà ni ó kọ ìwé àlọ́ nígbà ogun Faransé ní 1870 sí 1871, tí ó pe ara rẹ̀ ní Richard Leander.) Àwọn kan rò pé iṣan ìmọ̀lára ni ó rọ nígbà tí ìka bá ká wọ inú àtẹ́lẹwọ́ bí èékánná àṣá. Volkmann ní bẹ́ẹ̀ kọ́: ẹran apá ni kò rí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ báńdéèjì tí ó le jù, ó kú, ó súnkì, ó sì fa ìka mọ́ra.

Kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹran apá ní awọ líle tí ó bò ó, tí kì í fẹ̀. Bí ẹran bá wú nínú rẹ̀, ìdè abẹ́lé nìyẹn. Ní 1926, Jepson ní Amẹ́ríkà dán an wò lára ẹranko, ó rí i pé bí a bá tètè la ibẹ̀, ọwọ́ kì í bàjẹ́. Bí ó bá kọjá nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹran a bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Nílé wa, ilé ìwòsàn ti gé ọwọ́ ọmọ púpọ̀ tí a fi igi àti okùn dì pinpin lọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun. Èmi kò bá àwọn tí ń bú wọn lọ. Àwọn dókítà tí ó gba ìwé ẹ̀rí ni wọ́n di ọwọ́ tí Volkmann rí. Títú ìdè wò ni ìṣòro. Igbe ọmọ nígbà tí a bá na ìka rẹ̀ ni àmì tí í kọ́kọ́ yọ. Iṣan ọrùn ọwọ́ ṣì lè máa lù kìkì nígbà náà.