Èèwọ̀, Ère àti Òfin: Ìtàn Ìdáàbòbò Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo láti 1950 títí di 2005

Ìfáárà

Ní ayé àtijọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ìlú Yorùbá kan wà tí kò ní igbó kan lẹ́yìn odi rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá oko sí. Ó lè jẹ́ igbó Orò, ó lè jẹ́ igbàlẹ̀, ó sì lè jẹ́ igbó òrìṣà. Púpọ̀ nínú irú àwọn igbó bẹ́ẹ̀ ni ó ti di oko tàbí ilé gbígbé lónìí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà lára ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́ kù. Hẹ́kítà 75 ni ó gbà ní etí odò Ọ̀ṣun, ẹ̀yà ewéko tí ó wà nínú rẹ̀ sì ju 400 lọ. Èyí tí ó ju 200 lọ nínú àwọn ewéko wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn mọ̀ fún ìwòsàn.

Kí ni ó mú kí igbó yìí ṣẹ́ kù nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa run? Ìdáhùn méjì ni ó sábà máa ń wáyé. Àwọn kan sọ pé èèwọ̀ ni ó dáàbò bò ó, wọ́n sì gbà pé àwọn baba ńlá Yorùbá ti mọ ìmọ̀ ìdáàbòbò ohun abẹ̀mí kí àwọn òyìnbó tó dé. Àwọn mìíràn sọ pé obìnrin ará Austria kan, Susanne Wenger, ni ó gba igbó náà là. Iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn pé ìdáhùn méjèèjì ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó. Àwọn ènìyàn tí ó dúró ti igbó náà ní àkókò tí èèwọ̀ ti ń sọ agbára nù ni ó yẹ kí òpìtàn wò.

Èèwọ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ìlú

Ìtàn àbáláyé sọ pé láti Ìpólé ni Lárò àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ti wá nígbà tí omi wọ́n wọn. Etí odò Ọ̀ṣun ni wọ́n tẹ̀ dó sí. Bí wọ́n ti ń ṣán igbó, igi kan wó sínú odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Lẹ́yìn èyí ni òrìṣà náà bá wọn dá májẹ̀mú: kí wọ́n ṣí kúrò ní etí odò, kí wọ́n máa bọ òun lọ́dọọdún, òun yóò sì máa dáàbò bò wọ́n. Orúkọ oyè ọba Òṣogbo, Àtáọ́ja, tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja, ń rántí májẹ̀mú náà.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí ni pé gígé igi ni ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìlú náà ṣẹ̀. Láti ibẹ̀ ni èèwọ̀ mẹ́ta ti jáde: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi, kò gbọdọ̀ dọdẹ, kò sì gbọdọ̀ pẹja nínú igbó àti odò náà. Kò sí ẹ̀rí pé nítorí kí ẹ̀yà ohun abẹ̀mí má baà run ni wọ́n ṣe ṣe òfin wọ̀nyí. Ọ̀wọ̀ fún òrìṣà ni ìdí wọn. Síbẹ̀, àbájáde wọn bá ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fẹ́ mu. Igi tí ó gbó lórí ìdúró ń pèsè ihò fún ẹyẹ àti àdán. Ọ̀bọ àti ẹyẹ tí ó jẹ èso ń gbé kóró rẹ̀ lọ síbòmíràn. Gbòǹgbò igi di ilẹ̀ etí odò mú, ó sì jẹ́ kí omi mọ́ fún ẹja. Èèwọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n bá pa mọ́ ń gbé èkejì ró.

Ṣùgbọ́n òfin ni èèwọ̀, òfin kì í sì í dá dúró láìsí ẹni tí yóò mú un ṣẹ. Àwọn àwòrò, ìyálórìṣà, ọba àti ìjòyè ni ọlọ́pàá igbó náà. Bí ipò wọn bá mì, èèwọ̀ náà yóò mì.

Ojú tí ìjọba fi ń wo igbó

Lẹ́yìn 1850, ojú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí wo igbó ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1887, Alfred Moloney, gómìnà Èkó, tẹ ìwé kan jáde lórí ìmọ̀ igbó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ọgbà ìwádìí ewéko sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ohun tí ó gba ọkàn ìjọba ni ọjà. Nígbà tí òwò rọ́bà inú igbó bẹ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n kó jáde láti Èkó ní 1895 nìkan ju mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lọ. Àwọn tí ń gba oje igi náà há wọn lára títí wọ́n fi kú, òwò náà sì ti wó kí ọdún 1900 tó dé.

Irú ìparun bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó mú ìjọba gbé òfin igbó kalẹ̀, tí ó sì fi pààlà sí àwọn igbó ọba. Ó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ohun tí òfin náà fẹ́ dáàbò bò. Igi gẹdú ni, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ń mí nínú igbó. Bí igi kan kò bá lérè lórí, ojú ìdíwọ́ ni àwọn aláṣẹ fi ń wò ó. Nítorí náà, igbó ọba àti igbó òrìṣà jọ jẹ́ igbó tí wọ́n fi òfin dè, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ‘igbó’ nínú ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

Ìṣòro ọdún 1950 sí 1960

Ní Òṣogbo ni ìtumọ̀ méjèèjì ti pàdé. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, apá kan nínú igbó Ọ̀ṣun bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó fún ìdánwò ọ̀gbìn. Wọ́n gé igi, wọ́n sì gbin tíìkì, igi tí ó ti ilẹ̀ Éṣíà wá, sí ipò wọn. Tíìkì dára fún pákó. Ṣùgbọ́n oko onígi kan ṣoṣo kì í ṣe igbó. Ewé tíìkì gbòòrò, ó máa ń wọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná sì tètè máa ń ràn án. Ìwọ̀nba ewéko díẹ̀ ni ó ń rọ́nà hù lábẹ́ rẹ̀.

Ní àkókò kan náà, àwọn àwòrò ń dínkù, ojúbọ ń wó, àwọn ọmọ wọn sì ti di ẹlẹ́sìn mìíràn. Àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí jí ère gbé fún àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́. Ọdẹ àti apẹja wọ ibi tí àwọn baba wọn kò jẹ́ wọ̀. Àwọn tí ń ta ilẹ̀ náà sì ti ń fojú wọn ibẹ̀. Èyí fi hàn pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kò tó. Èèwọ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìbẹ̀rù àwọn ọ̀dọ́ mọ́.

Ère gẹ́gẹ́ bí ààlà

Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní Graz ní 1915, dé Ìbàdàn ní 1950. Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, ni ó mú un wọ inú ẹ̀sìn òrìṣà. Nígbà tí ó yá, ó fi Òṣogbo ṣe ibùgbé, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní Àdùnní Olórìṣà. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣiṣẹ́ náà. Ọba Adénlé Kìíní, Àtáọ́ja tí ó gorí oyè ní 1944, fún un ní ìṣírí. Àwọn olórìṣà ni ó mọ ibi tí ojúbọ kọ̀ọ̀kan wà àti ohun tí ó tọ́ sí i. Adébísí Àkànjí tí ó jẹ́ bíríkìlà, Búràímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé wà lára àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó fi amọ̀, sìmẹ́ǹtì, òkúta àti igi gbé iṣẹ́ náà dìde. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìtàn tí ó bá dárúkọ Àdùnní nìkan ti rẹ́ ìlú kan jẹ.

Àwọn ojúbọ àti ère tuntun náà ṣe ju ohun ẹ̀yẹ lọ. Ère igi kékeré ṣeé jí gbé, ṣùgbọ́n olè kò lè gbé ère sìmẹ́ǹtì tí ó ga ju ilé lọ. Bákan náà, ẹni tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ lè pe igbó ní ilẹ̀ asán, ṣùgbọ́n kò lè pe ibi tí ojúbọ ńlá dúró sí bẹ́ẹ̀. Ère di ààlà tí ẹni tí kò bẹ̀rù òrìṣà pàápàá lè fojú rí.

Òfin tẹ̀ lé ère. Ní 1965, ìjọba kéde apá kan igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ ìkéde náà títí ó fi kó gbogbo hẹ́kítà 75 náà mọ́ra. Ọdún 1992 yìí náà ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn lórí onírúurú ohun abẹ̀mí ní Rio de Janeiro, nínú èyí tí wọ́n ti gbà pé kí ìjọba bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ àti ìṣe àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ó ń dáàbò bo ohun abẹ̀mí. Ní 2005, UNESCO fi igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé. Ìdí mẹ́ta tí wọ́n gbé ìpinnu náà kà jẹ́ ti àṣà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ti ewéko tàbí ẹranko. Ẹnu ọ̀nà àṣà ni ààbò gbà wọlé tọ igi àti ọ̀bọ inú igbó náà lọ.

Ohun tí hẹ́kítà 75 lè gbà

Kò yẹ kí ìyìn mú ènìyàn gbàgbé ìwọ̀n. Ní 1967, Robert MacArthur àti Edward O. Wilson ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lórí ohun abẹ̀mí inú erékùṣù. Wọ́n ṣàlàyé pé bí erékùṣù bá kéré, tí ó sì jìnnà sí ilẹ̀ ńlá, ẹ̀yà tí yóò lè gbé inú rẹ̀ kò ní í pọ̀. Igbó tí ilé àti oko yí ká dà bí erékùṣù. Igbó Ọ̀ṣun lè gba ewéko, labalábá, ẹyẹ àti ọ̀bọ, ṣùgbọ́n kò lè gba erin tàbí ẹkùn. Inú ìjálá nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ Òṣogbo ti mọ àwọn yẹn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni igbó náà kò ní àṣẹ lórí odò tí ó fún un ní orúkọ. Ìgèdè Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá sì ṣe lókè odò ni yóò ṣàn wọ inú igbó. Wíwa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi náà di pọ́nún, ní 2022 sì ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má mu ún. Omi tí àwọn olùsìn ń bù mu fún ọmọ àti fún ìlera ni ìkìlọ̀ náà bá wí.

Ìkádìí

Ìtàn igbó Ọ̀ṣun fi hàn pé èèwọ̀, iṣẹ́ ọnà àti òfin gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Èèwọ̀ ni ó pa igbó náà mọ́ títí di ìgbà tí àwọn tí ń mú un ṣẹ fi dínkù. Ère fún èèwọ̀ ní ara tí ojú lè rí. Òfin fún ère ní ààlà tí ilé ẹjọ́ lè mọ̀. Níbi tí ọ̀kan bá ti dá dúró, kì í pẹ́ kí ó tó ṣubú. Ohun tí ó kù ni bí ààbò náà yóò ṣe gòkè odò, nítorí kò sí èèwọ̀ tí ó de ẹni tí ń wa góòlù, òfin igbó náà kò sì kọjá ògiri rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ní ti Ọ̀ṣun, orísun náà ni ẹnikẹ́ni kò tíì dáàbò bò.