Omi Òkè Tí Ń Wọ Òkun: Ohun Tí Ará Èkìtì Lè Rí ní Èbúté Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ ènìyàn wa mu tí wọ́n ń ti Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká lọ wo Èkó. Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, etí omi ni ojú wọn kọ́kọ́ ń fẹ́ rí: Ẹ̀hìngbẹ̀tì tí àwọn Òyìnbó sọ ní Marina, àwọn afárá tí ó na ara lé ọ̀sà, àti àwọn ọkọ̀ òkun tí ó ga ju ilé alájà mélòó kan lọ. Wọn a wò ó, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì padà wálé ròyìn pé àwọn ti rí nǹkan àrà tí Ọlọ́run fi jíǹkí àwọn ará Èkó. Ohun tí a fẹ́ fi yé òǹkàwé nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kì í ṣe ohun ìní ẹlòmíràn nìkan ni wọ́n lọ wò. Ẹ̀jẹ̀, òógùn àti owó àwọn ará òkè wà nínú ohun tí ó sọ èbúté náà di ohun tí ó dà lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò kọ orúkọ wọn sí ara ògiri kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí omi fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Odò Ọ̀ṣun, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Òṣogbo, ní Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ṣàn gba Òṣogbo kọjá, tí ó sì kọjú sí gúúsù títí ó fi wọ ọ̀sà Lẹ́kí, nítòsí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà Lẹ́kí so mọ́ ọ̀sà Èkó, ẹnu èbúté Èkó sì ni omi méjèèjì gbà ń wọ òkun. Lóòótọ́, Ìgèdè kì í ṣe apá àríwá Èkìtì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wá. Ẹni tí ó bá dúró sí Ẹ̀hìngbẹ̀tì tí ó ń wo omi tí ń lọ, kí ó mọ̀ pé omi ilé wà nínú rẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, ẹnu èbúté yìí kò ṣeé gbà fún ọkọ̀ ńlá. Òkìtì yanrìn kan dábùú rẹ̀ lábẹ́ omi, orí rẹ̀ ni ìgbì sì máa ń fọ́ sí. Ọkọ̀ òkun a dúró sí agbami. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ni yóò kó ẹrù la ìgbì náà kọjá lọ bá a. Ní ìlàjì àkọ́kọ́ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ènìyàn ni ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà, nítorí Èkó wà lára àwọn ọjà ẹrú tí ó tóbi jù lọ ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àsìkò yìí gan-an ni ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ wa rójú. Ogun Ìlọrin ń jà láti àríwá, ogun Núpé ń kó àwọn ará Àkókó, Yàgbà àti ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Èkìtì, ogun Ìbàdàn náà sì dé lẹ́yìn wọn. A kò gbọdọ̀ sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ọwọ́ wa mọ́ pátápátá, nítorí àwọn jagunjagun tiwa náà kó ọmọ ọlọ́mọ lẹ́rú. Síbẹ̀, òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ òkè ni a tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi dé etí omi, tí a kò sì gbúròó wọn mọ́.

Ẹnì kan wà tí a mọ orúkọ rẹ̀ nínú irú wọn. Bí a bá ń rìn ní Ẹ̀hìngbẹ̀tì, a ó rí ilé ìjọsìn gíga tí à ń pè ní Cathedral Church of Christ. Ní 1867 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ó wà níbẹ̀ báyìí, ní 1924 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1946. Ibẹ̀ ni ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther wà. Òṣogùn ni wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní 1821. Ní Èkó ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Ọmọdékùnrin tí wọ́n gba ẹnu èbúté yìí kó jáde gẹ́gẹ́ bí ọjà ni ó padà di ẹni tí a sin bí bíṣọ́ọ̀bù sí ìlú kan náà. Ó dára kí a ṣí fìlà fún un. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òǹwòran láti Èkìtì bi ara rẹ̀ léèrè pé: àwọn tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá lójú òkun ńkọ́? Wọn kò ní ibojì, wọn kò sì ní òkúta ìrántí. Ibi kan ṣoṣo tí a ti mọ̀ pé wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gbẹ̀yìn nílẹ̀ yìí ni etí omi tí à ń lọ wò ṣeré.

Ní ìparí oṣù Kejìlá 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá fọ́ Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Ní ọjọ́ Kẹfà oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, ohun tí ń gba ọ̀sà kọjá yí padà, ṣùgbọ́n okùn tí ó so wá mọ́ ọn kò já. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti oko ẹrú padà dé láti Sàró àti Bùràsíìlì kóra jọ sí Èkó, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí ó di Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀. Frederick Kumokun Haastrup, tí ó wá di Ọwá Ilẹ́ṣà ní 1896 tí ó sì jẹ́ Ajímọ́kọ̀, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ra ìbọn ìgbàlódé ní Èkó, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ojú ogun. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e gba orí ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, kí wọ́n tó gbà á sí orí ilẹ̀ ní ọ̀nà Oǹdó, tí Gómìnà Glover ti là ní 1872. Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú lè dí ọ̀nà tààrà, ṣùgbọ́n wọn kò lè dí ọ̀sà. Ìró ìbọn ni àwọn ènìyàn fi sọ ogun náà ní Kírìjì, ọ̀pọ̀ nínú ìbọn tí ó sì fún Èkìtì ní agbára láti dúró níwájú Ìbàdàn, Èkó ni ó ti wá.

Láti Èkó náà ni ọ̀rọ̀ àlàáfíà ti wá. Samuel Johnson àti Charles Phillips, tí wọ́n jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ni gómìnà Èkó rán lọ bá àwọn ọba àti balógun sọ̀rọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, a kéde àlàáfíà ní ojú ogun. Ní ọdún kan náà ni wọ́n kọ́ ilé gómìnà tí ó kọjú sí omi ní Ẹ̀hìngbẹ̀tì, èyí tí à ń pè ní State House. Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa bá dé iwájú ilé yìí, kí a má ṣe sọ fún wọn pé ibùgbé àwọn aláṣẹ ni nìkan. Kí a sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó ti di ohun tí wọ́n ń jíròrò létí omi yìí kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn tó rí òkun rí.

Ẹ̀wẹ̀, báwo ni ọkọ̀ ńlá ṣe wá ń wọlé? Láàrin 1907 sí 1914, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí wa yanrìn kúrò ní ẹnu èbúté, wọ́n sì kọ́ ògiri òkúta gígùn wọ inú òkun láti ìhà méjèèjì, kí omi lè máa fi agbára gbá yanrìn lọ. Èkó kò ní àpáta. Àrò, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti fọ́ òkúta náà, tí rélùwéè sì ń kó o wá. Nígbà tí ó fi di 1914, ọkọ̀ òkun ti ń wọ inú ọ̀sà láìdúró sí agbami mọ́. Wọ́n parí èbúté mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó jinlẹ̀ ní Àpápá ní 1926. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe, ọwọ́ òsì lè jìyà rẹ̀. Ìgbì òkun etí ilẹ̀ wa máa ń gbé yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ògiri dí i lọ́nà, yanrìn ń pọ̀ sí ìhà kan, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ ní ìhà kejì, títí ó fi gbé ilẹ̀ tí ó ju kìlómítà kan lọ mì ní etíkun Victoria. Ìdí nìyí tí omi fi ń ya wọ ìgboro níbẹ̀ léraléra, tí wọ́n sì fi ń da yanrìn padà sínú òkun ní Eko Atlantic lónìí.

Ta ni wọ́n ṣe gbogbo wàhálà yìí fún? Ẹrù òkè ni wọ́n ń wá. Rélùwéè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìdó, létí ọ̀sà Èkó, dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Kò dé Ìdó tiwa ní Èkìtì. Òṣogbo àti Ọ̀fà ni ibùdókọ̀ tí ó sún mọ́ wa jù. Kí mọ́tò tó pọ̀, orí ni ènìyàn fi ń ru ẹrù lọ. Nígbà tí kòkó gba gbogbo oko wa, iṣẹ́ rẹ̀ di iṣẹ́ agbo ilé: bàbá a já a, ìyá àti àwọn ọmọ a fọ́ ọ, wọn a kó o sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a sì sá a sí oòrùn. Oníkòkó a wọ̀n ọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba a yẹ̀ ẹ́ wò, àpò a sì gbéra lọ sí Èkó. Àpò tí ó jáde ní Ìkọ̀lé kò ní orúkọ àgbẹ̀ lára. Nígbà tí ó bá fi dé èbúté, kòkó Nàìjíríà lásán ni.

Láti 1947 ni ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó ti ń dá iye tí wọn yóò san fún àgbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun pọ̀ ju èyí tí àgbẹ̀ gbà lọ, èlé rẹ̀ sì di owó ìpamọ́ ìjọba. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, owó kòkó wà lára ohun tí wọ́n gbójú lé. Àwọn kan sọ pé ìrẹ́jẹ ni èyí jẹ́ fún àgbẹ̀, àwọn mìíràn sọ pé ìdókòwò tí ó dára jù lọ ni. Ní tiwa, òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì: bàbá ni wọ́n gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ni ó jẹ èrè rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ọmọ náà fúnra rẹ̀ tọ ọ̀nà tí àpò kòkó bá lọ. Láti 1951 títí dé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ń ná Liverpool sí Èkó, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa àgbà sì jẹ́ ẹni tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé lọ tàbí gbé bọ̀. Ẹnu kan náà tí ó gbé ẹrú lọ láìdá a padà ni ó gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ, tí ó sì dá a padà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Lónìí, ẹrù tí ń wọlé ni àwọn ènìyàn ń rí jù. Ní 1975, ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ńtì wá pọ̀ débi pé wọ́n tò sórí òkun fún ọ̀pọ̀ oṣù, èyí sì wà lára ohun tí ó bí èbúté Tin Can ní 1977. Ní 2006, ìjọba fi iṣẹ́ àwọn èbúté lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ní 2023, wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn ti Lẹ́kí. Síbẹ̀, kòkó ṣì ń jáde lọ ní èso, ṣokoléètì sì ń padà wọlé nínú páálí. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé òun ni ó ni ẹrù tí ń jáde, kò lè béèrè ìdí tí kò fi níye lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí pàtàkì nìyí tí ìtàn yìí kò fi yẹ kí ó jẹ́ ti ìgbafẹ́ nìkan.

Nítorí náà, bí àwọn olùkọ́ wa ní apá àríwá Èkìtì bá ń kó ọmọ lọ sí Èkó, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi láti CMS lọ sí Àpápá, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ti ilé mú ìbéèrè kan dání tí ó ti bi àgbàlagbà agbo ilé rẹ̀: ta ni ó kọ́kọ́ gbin kòkó nílé wa? Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà gbé e lọ? Kí ni wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe? Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọyẹ́ láti 2011. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kò sì wọ́n mọ́. Àwọn tí wọ́n fi orí ru kòkó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Àwọn ilé gíga etí omi kì yóò sá lọ, a lè wò wọ́n lọ́dún tí ń bọ̀. Àwọn àgbà tí ó lè sọ ohun tí ó gbé ilé náà ró ni kò ní dúró dè wá.