Oṣù mélòó ni ìkọ̀sílẹ̀ ń gbà? Ẹ fara balẹ̀ kà á 🧵

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́kọ́lá ló bi mí. Mo ní, níbo lẹ ti ṣègbéyàwó ná? Ó ní ṣé ìyẹn kàn án ni. Ó kàn án gan-an o! Ìtàn ló fà á.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921 pé láyé àtijọ́, ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú. Àfìgbà tí òyìnbó dé tí kóòtù ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, làwọn obìnrin bá ń rọ́ lọ síbẹ̀. Owó ìdána ló jà jù níbẹ̀: dá a padà fún ọkọ, ó parí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkùnrin tuntun ló ń san án. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi kọ́.)

Ọ̀nà kejì ni ti rẹ́jísìrì, àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń tú ìyẹn ká, títí ìjọba Gowon fi gbé òfin tiwa jáde ní oṣù kẹta 1970. Oṣù kìíní ọdún yẹn ni ogun abẹ́lé parí. Ogun ìta tán, ó kan tinú ilé 😂

Òfin yẹn la ṣì ń lò. Hàìkóòtù nìkan ló láṣẹ. Ti Ìbàdàn wà ní Ring Road. Bí ìgbéyàwó ò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ ó kọ́kọ́ tọrọ àyè. Lọ́yà á kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, á tún sáìnì ìwé lórí ọ̀rọ̀ ìlàjà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí àpẹẹrẹ, kí ẹnì kan ti pa ẹnì kejì tì fún ọdún kan, tàbí kẹ́ ẹ ti máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì tí ẹnì kejì ò sì takò ó. Bó bá takò ó ńkọ́? Ọdún mẹ́ta. Bí adájọ́ bá dá a tán, ẹ ó tún dúró fún oṣù mẹ́ta gbáko kó tó di pé ó já pátápátá.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Àwọn kan á sáìnì ní rẹ́jísìrì, wọ́n á wá wọ mọ́tò lọ sí Bẹẹrẹ, wọ́n á gun òkè lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, torí ó yá, kò sì gbówó lórí. Ìdájọ́ ibẹ̀ ò lè tú ìwé rẹ́jísìrì. Lójú òfin, tọkọtaya ni yín síbẹ̀. Ẹ wá lọ fẹ́ ẹlòmíràn? Abala 370 òfin ìwà ọ̀daràn: ẹ̀wọ̀n ọdún méje.

Ẹ wo sàtífíkéètì yín lálẹ́ òní. Bẹ́ ẹ bá rí "Marriage Act" lórí rẹ̀, Ring Road lọ̀nà yín, kì í ṣe Mápó.