Bí lẹ́ńsì àtijọ́ ṣe rí ọ̀nà padà sórí kámẹ́rà òde òní

Ní 1948 ni Seydou Keïta ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ sí Bamako, tó jẹ́ olú ìlú orílẹ̀èdè Mali lónìí. Kámẹ́rà ńlá ló fi ń ṣiṣẹ́, fíìmù rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18. Nítorí pé fíìmù wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń ya oníbàárà. Kò sí ẹ̀rọ tó máa bá a wò ó bóyá ojú ẹni náà mọ́ kedere. Ojú ara rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Nínú kámẹ́rà, gílàásì lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ jìnnà sí fíìmù ní ìwọ̀n tó yẹ. Bó bá fi díẹ̀ súnmọ́ ọn jù tàbí jìnnà sí i jù, àwòrán yóò ṣú bàìbàì. Wíwá ìwọ̀n yìí ni wọ́n ń pè ní fókọ́ọ̀sì, ọwọ́ sì ni gbogbo ayé fi ṣe é fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà

Ní 1977, iléeṣẹ́ Konica ní Japan gbé C35 AF jáde, kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ fún ọjà tó ń ṣe fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n 1985 ni ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó ń fi fọ́tò jẹun, nígbà tí Minolta 7000 dé, tí mọ́tò inú kámẹ́rà ń bá ayàwòrán yí lẹ́ńsì. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Honeywell ní Minolta lo ìmọ̀ ẹ̀rọ òun láìgba àṣẹ, nígbà tó sì di 1992, Minolta gbà láti san owó tó lé ní mílíọ̀nù 127 dọ́là.

Ohun tó dun àwọn ayàwòrán jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu kámẹ́rà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń so lẹ́ńsì mọ́ ọn. Ní 1987, Canon pa ẹnu tó ń lo lẹ́ńsì FD tì, ó gbé òmíràn wá fún kámẹ́rà EOS. Lẹ́ńsì FD nílò kí àyè tó wà láàrin ẹnu kámẹ́rà àti fíìmù jẹ́ mìlímítà 42. Ti EOS jẹ́ 44. Mìlímítà méjì péré! Síbẹ̀, bí wọ́n bá fipá so FD mọ́ EOS, kò ní lè mú ohun tó wà lọ́nà jíjìn kedere, àfi tí wọ́n bá fi gílàásì míì sí i láàrin. Ẹni tó ti fi owó ọ̀pọ̀ ọdún ra lẹ́ńsì FD márùn-ún wá dà bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Nikon ní tirẹ̀ kò pa ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959 tì, ńṣe ni wọ́n ń fi nǹkan tuntun kún un.

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, kì í ṣe gbogbo ohun tí iléeṣẹ́ bá pa tì ni èèyàn ń jù nù. Malick Sidibé, tó gba àmì ẹ̀yẹ Hasselblad ní 2003, máa ń tún kámẹ́rà ṣe ní Bamako, kámẹ́rà àtijọ́ ló sì kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn tó ń wo fọ́tò ijó rẹ̀ ní mùsíọ́ọ̀mù kì í sábà rántí ìyẹn.

Wọ́n yọ jígí, àyè ṣí sílẹ̀

Ní 2008, Panasonic gbé Lumix G1 jáde, kámẹ́rà tí wọ́n lè pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀ àmọ́ tí kò ní jígí nínú. Jígí yìí ló ń darí ìmọ́lẹ̀ sí ojú ayàwòrán tẹ́lẹ̀, ó sì ń gba àyè púpọ̀. Kámẹ́rà Sony tó tẹ̀lé e ní 2010 kò nílò ju mìlímítà 18 lọ. Ẹ yọ 18 kúrò nínú 42 ti FD, ó ku 24, òrùka irin kan sì lè jókòó síbẹ̀ dáadáa. Òrùka yìí ni adapter. Lẹ́ńsì tí Canon pa tì fún ọdún mẹ́tàlélógún tún jí.

Ọwọ́ náà ni wọ́n ṣì fi ń yí FD. Ti Canon EF ló gba ọgbọ́n: mọ́tò wà nínú rẹ̀, àṣẹ kámẹ́rà Canon nìkan ló sì gbọ́. Bí wọ́n bá gbé e sórí Sony, adapter ló máa ṣe ògbufọ̀, bẹ́ẹ̀ Canon kò kọ́ ọ lédè. Ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́ńsì á lọ, á bọ̀, á tún lọ. Nígbà tó di 2015, Sony fi ibi 399 tó ń wọn fókọ́ọ̀sì sórí sensor kámẹ́rà A7R II, ìyẹn ohun tó rọ́pò fíìmù, lẹ́ńsì Canon sì bẹ̀rẹ̀ sí ní yára lórí rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Techart ṣe adapter tó ní mọ́tò tirẹ̀, tó ń ti odindi lẹ́ńsì Leica síwájú sẹ́yìn. Contax ti dán irú rẹ̀ wò ní 1996 nínú kámẹ́rà AX. Fíìmù ni ìyẹn ń sún.

Nígbà tí Canon àti Nikon náà bẹ̀rẹ̀ ẹnu tuntun ní 2018, àwọn fúnra wọn ló ṣe adapter. Ti Nikon, FTZ, kò ní mọ́tò, nítorí náà lẹ́ńsì AF-D tó gbẹ́kẹ̀ lé mọ́tò inú kámẹ́rà padà di ti ọwọ́.

Ìdánwò kí owó tó jáde

Ní Nàìjíríà, dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó lẹ́ńsì tuntun, tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń rà. Ìyàwó kì í wọ gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé lẹ́ńsì ṣì ń wá ojú rẹ̀.

Pé mọ́tò ń dún kò túmọ̀ sí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń ṣí ojú lẹ́ńsì sí ibi tó fẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń hàn. Á gbé ìwé ìròyìn dagun, á ní kí kámẹ́rà mú ìlà kan láàrin, á wá wò ó bóyá ìlà yẹn gan-an ló mọ́ jù, tàbí èyí tó wà níwájú rẹ̀. Á tún un ṣe bíi ìgbà mẹ́wàá, á sì máa yí lẹ́ńsì kúrò níbẹ̀ pátápátá kó tó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, á fi ọwọ́ ṣe tirẹ̀, á fẹ àwòrán náà lójú kámẹ́rà, á fi méjèèjì wéra. Bí ti ẹ̀rọ bá ń tàsé, kó kọ́kọ́ mi adapter wò bóyá ó ń mì lẹ́nu kámẹ́rà.

Èyí tó le jù ni ti ẹni tó ń rìn bọ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì tó mú ìwé ìròyìn dáadáa ló ń já kulẹ̀ níbí, pàápàá tí iná bá ṣókùnkùn. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹni tó fẹ́ rà á yára ká owó rẹ̀ sápò, tàbí kó ná an bíi lẹ́ńsì tí ọwọ́ ń yí.