A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Àwọn Òṣìṣẹ́ Gdańsk ní Ọdún 1980

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Pólàndì, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, orí òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń fá lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe pé kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ wà, èrò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì tó wà lórí oyè ló ń darí rẹ̀, ìjọba yìí kan náà ló sì ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Bí òṣìṣẹ́ bá ní ẹjọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pè lẹ́jọ́ náà ni yóò tún gbé e lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1970, nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba kéde pé owó oúnjẹ ti gbówó lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ tú jáde ní Gdańsk, Gdynia, Szczecin àti Elbląg. Ọlọ́pàá àti sọ́jà ni ìjọba rán sí wọn. Ó lé ní 40 ènìyàn tó kú, òru ni wọ́n sì sin ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ kò gbàgbé.

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Anna Walentynowicz. Ọdún 1950 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọgbà Lenin, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Gdańsk. Wẹ́dà ni tẹ́lẹ̀, kó tó di ẹni tó ń wa kireeni. Ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré kan tí ìjọba kò fọwọ́ sí, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù márùn-ún péré ló kù kó fẹ̀yìn tì.

Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n dá Anna padà, kí wọ́n fi kún owó oṣù, kí wọ́n sì kọ́ ohun ìrántí fún àwọn tó kú ní 1970. Lech Wałęsa, oníná tí wọ́n ti lé kúrò níbẹ̀ ní 1976, wọlé wá, ó sì di aṣáájú wọn.

Ní ọjọ́ 16, ọ̀gá àgbà ọgbà náà gbà fún wọn. Ọ̀pọ̀ ti ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ sílé. Ìgbà náà ni Henryka Krzywonos, obìnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro, pariwo pé bí ọgbà ńlá bá fi àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀, ó parí fún àwọn. Anna àti Alina Pienkowska, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, dúró ní ẹnubodè, wọ́n ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n má lọ. Ọwọ́ kan kò kúkú gbé igbá dé orí. Ìjà ọgbà kan di ìjà gbogbo òṣìṣẹ́.

Wọ́n kọ ìbéèrè 21 sára pátákó méjì, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ẹnubodè. Wọ́n béèrè ìtọ́jú ìlera tó dára, àyè ní ilé ìtọ́jú ọmọ fún àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́, àti ìsinmi ọjọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣíwájú ni ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ òṣèlú tàbí agbanisíṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Owó tí a fi kún lónìí, a lè yọ ọ́ lọ́la, bí kò bá sí ẹni tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ yàn láti ṣọ́ ọ.

Ìjọba tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ. Ẹgbẹ́ tuntun náà, Solidarność, ìyẹn Ìṣọ̀kan, ní ọmọ ẹgbẹ́ tó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín ọdún kan. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1981, Ọ̀gágun Jaruzelski kéde òfin ológun. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sí àtìmọ́lé, wọ́n sì pa awakùsà mẹ́sàn-án ní ibi ìwakùsà Wujek. Ẹgbẹ́ náà fara pa mọ́, kò kú. Ní 1989, ìjọba jókòó bá wọn sọ̀rọ̀, ìdìbò wáyé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, Tadeusz Mazowiecki tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn sì di olórí ìjọba.

Lónìí, òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tó láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Pólàndì. Kí agbanisíṣẹ́ tó lé ọmọ ẹgbẹ́ tó ní iṣẹ́ tí kò ní gbèdéke, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló wà nínú ẹgbẹ́ báyìí. Òfin kò lè sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò yan ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn obìnrin tó dúró ní ẹnubodè lọ́jọ́ náà kọ́ wa ni pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fá orí òun lẹ́yìn, kó má ṣe kúrò nídìí orí rẹ̀, kó má sì fi orí ẹnìkejì sílẹ̀.