Ìdámọ̀ Àrùn: Ìtàn Kòrónà ní Lọ́kọ́jà ní Ọdún 2020

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ pa, ó ní láti lè dá ètè mọ̀ yàtọ̀ sí làpálàpá. Ọ̀rọ̀ ìdámọ̀ àrùn yìí ni ó dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, ní ọdún 2020.

Àrùn kòrónà kì í ṣe ti ènìyàn nìkan. Ológbò ní tirẹ̀. Ní ọdún 1963 ni Jean Holzworth, oníṣègùn ẹranko ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó máa ń mú kí omi kún inú ológbò, tí ó sì máa ń pa á. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ rí i pé fáírọ́ọ̀sì kòrónà ni ó ń fà á. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ológbò ni ó ní fáírọ́ọ̀sì yìí lára tí kò ṣe wọ́n ju kí wọ́n yàgbẹ́ gbuuru díẹ̀ lọ. Nínú ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ti máa ń yí padà di apani. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì náà ti wọ ara ológbò kan rí kò lè sọ bóyá ó ti di apani tàbí kò tíì dì í. Ìdí nìyí tí oníṣègùn fi ń yẹ omi inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀ wò pọ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ti ènìyàn yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní COVID-19 ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2020, àyẹ̀wò PCR ti wà, èyí tí ń wá fáírọ́ọ̀sì náà gan-an nínú ohun tí a fi òwú nù láti inú imú tàbí ọ̀fun. Àyẹ̀wò yìí kò ṣeé fojú fò, nítorí pé ara gbígbóná, orí fífọ́ àti àárẹ̀ ni ibà náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ojú lásán kò lè yà wọ́n.

Nígbà tí ó fi di oṣù karùn-ún, Kogí àti Cross River nìkan ni àrùn náà kò tíì hàn nínú ìwé ìjọba àpapọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ NCDC dé Lọ́kọ́jà. Gómìnà Yahaya Bello ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba àyẹ̀wò fúnra wọn, kí wọ́n sì ya ara wọn sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14. Wọ́n padà sí Àbújá. Ní ọjọ́ 27, àjọ náà kéde ènìyàn méjì àkọ́kọ́ ní Kogí. Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, àwọn oníbọn ya wọ Ilé-ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Lọ́kọ́jà, wọ́n ba nǹkan jẹ́, wọ́n sì kó kọ̀ǹpútà lọ.

Nígbà tí ọdún náà parí, iye tí a kọ sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà lé ní 80,000. Ti Kogí jẹ́ márùn-ún péré, méjì nínú wọn sì kú.

Kí ni márùn-ún yìí ń sọ? Kò sọ iye ẹni tí àrùn mú. Iye ẹni tí àyẹ̀wò rí ni ó ń sọ. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ ní Lọ́kọ́jà lọ́dún náà, tí wọ́n fún ní oògùn ibà láìyẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nínú òǹkà, ìbáà kú, ìbáà yè. Ní ti ológbò, àyẹ̀wò kan ṣoṣo ni kò tó. Ní ti Lọ́kọ́jà, àyẹ̀wò wà, ìfohùnṣọ̀kan lórí rẹ̀ ni kò sí.

Nítorí náà, olùkọ́ ìtàn tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọdún 2020 kò gbọdọ̀ ka òǹkà lásán fún wọn. Kí ó kọ́ wọn láti bi í pé: àwọn mélòó ni a yẹ̀ wò? Ta ni ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀? Ta ni kò sì sí níbẹ̀?