Ìdí Tí Púlọ́ọ̀gì Ìlú Ọba Fi Wà Lára Ògiri Nàìjíríà

Ẹni tí ó kó ẹrù láti Ìbàdàn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò ní pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì kankan. Ẹni tí ó gba Amẹ́ríkà lọ ni ihò ara ògiri yóò kọ̀ fún. Ìtàn ni ó fà á.

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ róbótó ni Ìlú Ọba ń lò, ti iná kékeré kò sì wọ ihò ti iná ńlá. Bí ogun ti ń lọ lọ́wọ́ ni ìgbìmọ̀ kan ti jókòó lórí bí wọn yóò ṣe fa wáyà sí àwọn ilé tí wọn yóò kọ́ lẹ́yìn ogun. Bàbà ṣọ̀wọ́n. Wọ́n dábàá pé kí wáyà kan yí ilé po bí òrùka, dípò kí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀. Èyí dín bàbà kù, ṣùgbọ́n fíùsì ńlá tí ń ṣọ́ òrùka náà lè má tètè já bí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti àtùpà bá ń jó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi fíùsì sínú púlọ́ọ̀gì gan-an. Ọdún 1947 ni ìlànà rẹ̀, BS 1363, jáde: ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ òkè gùn jù, kí ó lè ṣí ohun tí ó bo ihò méjèèjì ìsàlẹ̀, kí ọmọdé má baà ki ìṣó bọ̀ ọ́.

Abẹ́ Ìlú Ọba ni Nàìjíríà wà nígbà náà. Ohun tí olówó-orí bá ń lò ni ó ń wọlé. Faransé ni ó jọba lórí Dahomey, nítorí náà, ní Kétu, níbi tí èdè Yorùbá ti ń dún, ẹsẹ̀ róbótó méjì ni púlọ́ọ̀gì ní. Agbára iná ibẹ̀ àti ti Nàìjíríà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀.

Ti Amẹ́ríkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí 110 fóólítì ni Edison fi bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1882. 120 ni ó wà lónìí, nígbà tí Nàìjíríà ń lo nǹkan bí 230. Áyọ́ọ̀nù tí a gbé láti Èkó lọ síbẹ̀ kì yóò mú ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ooru rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ ìlọta tí a gbé ti ibẹ̀ bọ̀ wálé ni ó ń jóná lójú ẹsẹ̀, ó sì lè mú ilé mọ́ ọn. Adápútà kékeré tí wọ́n ń tà kò lè gbà á sílẹ̀: ẹsẹ̀ ni ó ń pààrọ̀, kì í dín agbára kù. Tíráńsífọ́mà ni ó ń ṣe ìyẹn. Ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń gba 100 títí dé 240, bí a ti kọ ọ́ wínníwínní sí ẹ̀yìn wọn.